Fáìlì Tí Mo Fi Pamọ́ fún Haneefah

Agboolé Alfa Ògúnmọ́lá,
Ìsàlẹ̀ Ọba,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Balqees, àbúrò mi àtàtà,

Àsàlámù àléékúmù. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù Ireland kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yín lẹ́nu? Ní ti àwa níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òjò ọdún yìí rọ̀ dáadáa, àgbàdo pọ̀ lọ́jà, Bàbá ń jẹun, wọ́n sì ń sùn. Wọ́n ní kí n kí ọ. Nínú àlàáfíà ni mo ti ń kọ ìwé yìí, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ ti àlàáfíà.

Lọ́jọ́ tí o pe Haneefah ìyàwó wa lórí fóònù tó ń sunkún, o bi mí pé kí ló ṣe é, mo ní ara rẹ̀ ni kò yá. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti sọ òtítọ́ fún ọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ẹnu mi a wúwo. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè sọ ọ́ tán kí o tó dá mi lóhùn.

O mọ bí ìwé Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá wa ṣaláìsí, Bàbá ní àwọn fẹ́ kọ gbogbo ohun tí àwọn gbọ́ lẹ́nu àwọn alfa tó kọ́ àwọn ní kéwú sílẹ̀, kó má bàa bá àwọn wọlẹ̀ lọ. Ojú wọn ti ń ṣú nígbà náà, wọn ò lè mú kálámù mọ́. Èmi ni wọ́n ń pè é fún. Ọdún mẹ́rin gbáko, bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé láti Òṣogbo, màá bọ́ bàtà, màá kírun Aláásárì, màá sì gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n á máa sọ, èmi á máa tẹ̀. Bí wọ́n bá rántí ohun kan tó dùn, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ ọ́, èmi nìkan ló sì ń rí ẹ̀rín náà. Ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni a kọ. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé: “Sodiqat Ògúnmọ́lá ló tẹ̀ ẹ́.” Bàbá kò ní kí n kọ ọ́ o. Èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Nígbà tí iṣẹ́ máa fi parí, ojú Bàbá ti burú débi pé wọn ò lè ka ìwé ara wọn. Dókítà ní gíláàsì ò lè ṣe nǹkan kan mọ́, àfi kí lẹ́tà tóbi gidi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, kò tíì dé ìdajì tó fi di ẹrù tí wọn ò lè gbé lé itan, mo sì dá a dúró. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ ìkàwé tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo fi fáìlì PDF ìwé náà sínú rẹ̀, mo gbé e fún wọn. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ìjàlọ. Bí a bá fẹ̀ ẹ́, ìdajì ìlà á jáde kúrò lójú ẹ̀rọ, Bàbá á máa fi ìka wọ́ ọ lọ sí ọ̀tún, wọ́ ọ bọ̀ sí òsì, títí ìlà á fi sọ nù mọ́ wọn lójú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbìyànjú ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n ní, “Sodiqat, o ṣeun. Ó tó bẹ́ẹ̀.”

Haneefah tí o kò tíì fojú rí, ìyàwó tí Ismaeel àbúrò wa gbé lọ́dún tó kọjá, ló gbé oúnjẹ wọlé lọ́jọ́ náà. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Ilé-Ogbó. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Àǹtí, PDF yẹn ni kò jẹ́ kó ṣeé kà. Ó dà bíi fọ́tò ojú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ di EPUB. Ìyẹn, bó ti wù kí lẹ́tà tóbi tó, ọ̀rọ̀ tí ò bá gba ojú ìlà á kàn sọ̀ sí ìlà tó tẹ̀ lé e ni.” Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò. Nínú ọkàn mi, mò ń gbàdúrà kó má ṣeé ṣe.

Ó ṣeé ṣe. Ọjọ́bọ̀ kan ni, lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Bàbá gba ẹ̀rọ náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó kóró ẹ̀pà. Ètè wọn kọ́kọ́ ń mì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn. Balqees, ọdún mẹ́ta ni mi ò ti gbọ́ kí Bàbá ka ohunkóhun jáde fúnra wọn. Wọ́n ka ojú ìwé kan, wọ́n ka èkejì, omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Wọ́n ké sí gbogbo agboolé pé, “Ẹ wá wo ohun tí Haneefah ṣe fún mi!” Láti ọjọ́ náà, kò sí àlejò tó wọlé tí wọn ò sọ fún pé Haneefah ló la ojú àwọn. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin tẹ̀ ẹ́, kí ni mo là?

Mo ti máa ń rò pé àwọn orogún nìkan ló ń jowú, mo sì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àṣé owú kò bèèrè bóyá o ń bá ẹnikẹ́ni pín ọkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí Bàbá ń pe orúkọ Haneefah lóòjọ́. Lọ́jọ́ kan ó di mẹ́tàdínlógún. Bó bá se ọbẹ̀, màá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá kí mi lórí ìkúnlẹ̀ láàárọ̀, màá jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Bàbá ń sùn, mo gbé ẹ̀rọ náà, mo wá orúkọ mi nínú rẹ̀. Mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò rí i. Mo pe Haneefah. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Nígbà tí mo yí fáìlì yẹn padà, ìlà orúkọ yín ń bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀. Bàbá ń ka àdúà lọ, wọ́n wá kà á pé, ‘Ọlọ́run Ọba, dárí jì wá, Sodiqat Ògúnmọ́lá ló tẹ̀ ẹ́.’ Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n yọ ọ́.” Gbogbo rẹ̀ ni mo lè fara dà, ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè fara dà. Ó ti ń rí ẹ̀rín tí mo rò pé tèmi nìkan ni.

Kò mọ ohun tó ń lọ nínú mi, ó tún tọrọ nǹkan. Ó ní láti inú PDF náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àmì orí ọ̀rọ̀ àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ti bọ́ dànù. Bàbá ń rí i kà nítorí wọ́n mọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ò ní lè kà á. “Ẹ bá mi wá fáìlì Wọ́ọ̀dù tí ẹ kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló máa mú un jáde ní mímọ́.” Mo wo ojú rẹ̀, mo ní kọ̀ǹpútà yẹn ti bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló bá a lọ. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti da fáìlì náà kọ sórí fúláàṣì, fúláàṣì ọ̀hún sì wà nínú báàgì tó kọ́ mi léjìká bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó gbà mí gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń kọjá, màá rí i tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, màá ní, “Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o,” màá sì wọ yàrá mi lọ.

Ní ìparí oṣù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà bú. O rántí Alfa Abdulquadri olóògbé, olùkọ́ Bàbá ní Kuta. Alfa Badrudeen ọmọ wọn ṣe àdúà ìrántí fún wọn, ó sì ní kí Bàbá wá ka ohun tí wọ́n kọ nípa bàbá òun. Haneefah sáré parí apá ibẹ̀. Bàbá wọ agbádá funfun. Nígbà tí wọ́n dìde tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sókè, gbogbo èèyàn ń nawọ́ sí i, wọ́n ní àgbà ń fi ẹ̀rọ kàwé. Kíkà náà dùn, àfi ìgbà tó dé ibì kan. Ohun tí Bàbá pè fún mi lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ ni, “Olùkọ́ mi kò ní owó, ó ní ọ̀wọ̀.” Bí àmì bá bọ́ kúrò lórí rẹ̀, owó ò yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀ mọ́. Haneefah kò mọ Alfa Abdulquadri rí. Ó fi àmì ti ìkínní sí ìkejì, ó fi ti ìkejì sí ìkínní. Bàbá sì gbóhùn sókè níwájú ọmọ àti ọmọọmọ olóògbé, wọ́n kà á pé, “Olùkọ́ mi kò ní ọ̀wọ̀, ó ní owó.”

Bàbá gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ojú, wọ́n tún un kà jẹ́jẹ́, bákan náà ló rí. Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Alfa Badrudeen dìde, ó ní, “Bàbá Ìwó, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìyẹn nípa bàbá mi?” Bàbá ní, “Ohun tó wà níbí nìyẹn,” wọ́n sì jókòó. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, kò sẹ́ni tó sìn wá dé ìdí mọ́tò.

Nínú mọ́tò, Haneefah ń sunkún pé òun lòun ṣì í. Ismaeel jágbe mọ́ ọn pé, “Ta ló rán ẹ sí ìwé Bàbá?” Mo jókòó sẹ́yìn, mo kọ ojú sí fèrèsé. Mi ò ní purọ́ fún ọ, Balqees. Láti Kuta títí a fi dé Ìwó, inú mi ń dùn.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò gba àlàyé Haneefah gbọ́. Wọ́n rò pé ó ń bo àṣírí àwọn ni. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọ náà kò lè kọ ohun tí ẹnu àwọn kò sọ. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. “Sodiqat, ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń pè é fún ọ?” Bí mo bá ní rárá, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀, ọ̀rọ̀ fáìlì á sì yọjú. Mo ní, “Mi ò rántí mọ́, Bàbá.” Wọ́n mi orí bí ẹni tí dókítà sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún. Láti ọjọ́ kejì wọn ò kọ́ àwọn ọmọ kéwú mọ́. Wọ́n ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti ń ṣì kò yẹ lẹ́ni tó ń fi Kùránì sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Àwọn ọmọ á dé, wọ́n á rí i pé ẹní ò sí nílẹ̀, wọ́n á kó wàláà wọn padà sílé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Bàbá ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi tuntun wá, àwọn fẹ́ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Alfa Badrudeen. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é: “Èmi Yẹ̀kínì, tí bàbá yín fún ní ìmọ̀ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ogbó ti gba iyè mi, mo ti tàbùkù ẹni tó sọ mí di èèyàn.” Mo tẹ̀ ẹ́ dé ‘gba iyè mi’, ọwọ́ mi kọ̀. Bàbá dúró dè mí. Wọn ò rí ojú mi. Wọ́n ní, “Ṣé mo yára jù fún ọ ni?”

Balqees, mo gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí itan. Mo lọ mú báàgì mi, mo ki fúláàṣì náà bọ̀ ọ́, mo ṣí ojú ìwé yẹn, mo sì kà á fún wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó mi mọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ayọ̀ tí mo yọ̀ nínú mọ́tò. Bàbá ti kọ̀ǹpútà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, “Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbà pé orí mi ti dàrú. Ò ń gbé oúnjẹ fún mi, ò ń wò mí.” Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, “Dìde, lọ bá Haneefah. Má tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí wàá fi ti ibẹ̀ dé.”

Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbé omi kaná. Mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò mi. Ó fò sókè, ó di ọwọ́ mi mú pé, “Àǹtí, ẹ dìde, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?” Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ṣe, ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí. Mo ń fi àmì síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ń kí mi kú iṣẹ́. Ọkọ mi kò wojú mi láti ọjọ́ tí a ti Kuta dé.” Ó sunkún, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Mi ò lè sọ pé mo ti dárí jì yín lónìí. Màá purọ́ ni.” Ó nu ojú, ó na ọwọ́ sí mi. “Ẹ mú fáìlì náà wá.”

A jọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣí Wọ́ọ̀dù náà, ó fi àwọn àkọlé sí ipò wọn, ó ní kó di EPUB. Omi tó gbé kaná kò tíì hó tó fi parí. Gbogbo àmì ló pé, owó jẹ́ owó, ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀wọ̀. Ohun tí mo fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ níyà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Kò sọ ọ́ fún mi. Ó kàn wò mí, mo sì wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, gbogbo wa padà sí Kuta. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún Alfa Badrudeen níwájú àwọn àgbà ilé wọn pé owú ló mú mi fi òótọ́ pamọ́, pé Bàbá kò jẹ̀bi, ìyàwó wa náà kò sì jẹ̀bi. Bàbá gbé ẹ̀rọ, wọ́n ka gbogbo apá náà látòkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ohùn wọn kò gbọ̀n. Alfa Badrudeen ní kí wọ́n gbé e fún òun. Ó fi ojú ara rẹ̀ kà á, ó tún un kà, ó ní, “Bàbá mi nìyí. Bí wọ́n ṣe rí gan-an nìyí.” Ó wá bèèrè bóyá ó lè wọ inú fóònù òun, Haneefah sì bá a fi síbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n sìn wá kọjá ìdí mọ́tò. Ismaeel bẹ ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú níwájú ilé.

Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ní Ọjọ́rú, Bàbá pe èmi àti Haneefah, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán láti kọ ìwé kejì. Ìtàn ìyá wa ni wọ́n fẹ́ kọ, láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé. Wọ́n ní Haneefah ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi, wọn ò sì ṣàlàyé. Haneefah tí kò gbọ́ ohùn ìyá wa rí, Balqees. Ó wò mí bí ẹni pé kí n sọ pé rárá. Mo ní, “Màá kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ àwọn àmì náà kíákíá.” Mo sì kọ́ ọ.

Lánàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn Bàbá nínú yàrá, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo gbọ́ pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Owú jẹ mí débi pé mo di apá àga mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, Haneefah jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àǹtí, Bàbá ń pe ìyá yín ní Àbẹ̀kẹ́. Mi ò fẹ́ ṣì í. Báwo ni wọ́n ṣe ń fi àmì sí i?” Mo sọ ọ́ fún un, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó padà wọlé, kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ ìwọ àti ilé rẹ. Àwọn ọmọ rẹ yóò gbọ́n, wọn yóò sì mọ ilé. Kò ní sí ohun tí yóò da ìfẹ́ àwa ọmọ Àbẹ̀kẹ́ rú, Àmín. Bá mi gbàdúrà, kí Ọlọ́run fọ ọkàn mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Sodiqat.

Àfikún: Bí o bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀, Haneefah ni kí o kọ́kọ́ bèèrè. Yìn ín dáadáa, kí o yìn ín sétí mi. Màá fara dà á.